Ìyàwó Tí Ìtàn Kò Dárúkọ: Ìfẹ́ àti Òpin Ayé láti Èkó dé Ẹpẹ

Ní ọdún 2012, fíìmù Amẹ́ríkà kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Seeking a Friend for the End of the World. Lorene Scafaria ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Òkúta ràbàtà kan ń já bọ̀ láti ojú òfuurufú, wọ́n ti gbìyànjú láti dá a padà, kò ṣeé ṣe. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ó kọlu ilẹ̀ ayé. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò nínú mọ́tò. Ìyàwó kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó sì sá lọ. Ọkọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá obìnrin tí ó fẹ́ràn nígbà èwe rẹ̀ kiri, ọmọbìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan sì bá a rìn. Kí ìrìn náà tó dópin, ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì dùbúlẹ̀ ti ara wọn títí ìparun fi dé.

Irú fíìmù báyìí pọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Titanic, tí James Cameron gbé jáde ní ọdún 1997, gba ọ̀nà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé inú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni ó parí níbẹ̀ ní ọdún 1912. Òfin kan wà tí wọn kì í sábà rú: ìfẹ́ kò lọ́wọ́ nínú ìparun. Òkúta ni ó wá láti òkè, òkè yìnyín ni ó dúró sójú òkun, àwọn olólùfẹ́ méjì kàn wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Nínú fíìmù ọdún 2012 yẹn, àwọn onímọ̀ tilẹ̀ fún òkúta náà ní orúkọ obìnrin: Matilda.

Ní etí ọ̀sà tí ó lọ láti Èkó kọjá Ìkòròdú títí dé Ẹpẹ, ìtàn ìfẹ́ àti òpin ayé tí àwọn àgbà ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Níbẹ̀, kò sí ohun tí ó já bọ́ láti ọ̀run. Ọwọ́ ènìyàn ni ó fa gbogbo rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ ìyàwó ni wọ́n sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Òkúta tí ó pa ayé run ní orúkọ. Obìnrin tí wọ́n ní tìtorí rẹ̀ ni ayé Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú kò ní.

Kí ó tó di pé ìtàn náà wáyé, ó dára kí a rántí pé ohun tí Yorùbá ń pè ní ayé ju ilẹ̀ àti omi lọ. Bí ìlú bá tú, tí ọba rẹ̀ sá, tí ọjà rẹ̀ di igbó, ayé àwọn ará ìlú náà ti parí, bí oòrùn tilẹ̀ yọ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún rí èyí ní àìmọye ìgbà. Òwu tú ní àwọn ọdún 1820. Ọ̀yọ́ Ilé dahoro. Ìjàyè ṣubú ní ọdún 1862. Ìlú Èkó, tí ó wà lórí erékùṣù, tí omi yí ká, rò pé ti òun yàtọ̀.

Kòsọ́kọ́ jẹ́ ọmọ Ọba Òṣìnlókun. Orúkọ àbíkú ni orúkọ rẹ̀: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ yìí mọ́, nítorí náà kí ó yáa jókòó. Ó jókòó lóòótọ́. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, tí gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n sí alágbára àti ọlọ́rọ̀, ó fẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún Ẹlẹ́tù Òdìbò. Ẹlẹ́tù Òdìbò kì í ṣe ènìyàn lásán. Òun ni olórí àwọn ìjòyè Akárígbẹ̀rẹ̀, ọba kì í sì í jẹ ní Èkó kí ọwọ́ rẹ̀ má sí níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba àfẹ́sọ́nà ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá kò gba obìnrin nìkan. Ó gba iṣu tí wọ́n ti gbé lọ sílé àna, ó gba ẹrù àti owó tí wọ́n ti ná, ó gba ọdún tí wọ́n ti fi retí, ó sì gba ojú tí ọkùnrin náà fi ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwùjọ. Bí ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bá jẹ́ tálákà, á sunkún lọ. Bí ó bá jẹ́ afọbajẹ ńkọ́?

Láti ìgbà náà ni Ẹlẹ́tù Òdìbò ti dúró bí ògiri láàárín Kòsọ́kọ́ àti ìtẹ́. Nígbà tí àyè oyè ṣí sílẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n fi jọba. Ó tún ṣí, Olúwọlé ni wọ́n mú ní ọdún 1837. Ní ayé Olúwọlé ni Ẹlẹ́tù Òdìbò fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Òpó Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, obìnrin tí ó lówó tí ó sì lẹ́rú, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ gbé ogun dìde nítorí rẹ̀, ogun tí Èkó ń pè ní Ogun Ewé Kókò. Ó kùnà, ó sì sá lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, sí Whydah. Wọ́n ní Ẹlẹ́tù Òdìbò kò dúró níbẹ̀: ó hú òkú ìyá Kòsọ́kọ́ nínú ibojì, ó sì jù ú sínú ọ̀sà. Ẹ ṣàkíyèsí bí ìjà àwọn ọkùnrin méjì yìí ṣe ń gba orí obìnrin kọjá lẹ́sẹẹsẹ: àfẹ́sọ́nà, arábìnrin, ìyá.

Ní ọdún 1841, àrá sán sórí ààfin, ẹ̀tù tí ó wà níbẹ̀ gbiná, Ọba Olúwọlé sì kú ikú tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni wọ́n fi dá òkú rẹ̀ mọ̀. Akíntóyè, tí ó jẹ́ àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́, gorí oyè. Ọba yìí ní ọkàn tútù. Ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun máa bọ̀ wálé. Ẹlẹ́tù Òdìbò kìlọ̀ fún un títí, nígbà tí ọba kò gbọ́, ó bínú lọ sí Àgbádárìgì. Kòsọ́kọ́ dé, wọ́n fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹkò, àwọn ènìyàn sì ń ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1845 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò. Akíntóyè gba orí omi sá lọ. Kòsọ́kọ́ jọba. Ọwọ́ tẹ Ẹlẹ́tù Òdìbò nínú ìjà yẹn, ìtàn ẹnu sì sọ pé inú àgbá epo ni wọ́n sé e mọ́, wọ́n tinábọ̀ ọ́, wọ́n sì tì í sínú ọ̀sà kan náà tí ó ju òkú ìyá Kòsọ́kọ́ sí.

Bí ó bá jẹ́ pé níbí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ìjà ìdílé lásán ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n Akíntóyè fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn òyìnbó oníwàásù àti àwọn oníṣòwò wà, ó sì ṣèlérí pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òwò ẹrú yóò dópin ní Èkó. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ gbọ́. Èkó ni ó ṣáájú nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ ní etíkun yìí nígbà náà. Epo pupa sì ti di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wá lójú méjèèjì. John Beecroft, tí ó jẹ́ kọ́ńsọ́lù wọn, kó ọmọ ogun wá ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n tún padà wá pẹ̀lú mánáwá, Bloodhound àti Teazer, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Òṣódì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ti to àgbá sí etí omi. Ìró àgbá wọ̀nyẹn ni Èkó gbọ́ tí wọ́n fi sọ ogun náà ní Àgídìǹgbì. Iná mú ilé, afẹ́fẹ́ gbé iná kiri, erékùṣù náà jó. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti gba orí ọ̀sà lọ ní òru pẹ̀lú àwọn tirẹ̀.

Ayé kan parí ní ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852 tí Akíntóyè ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò tún sí ọba Èkó tí ó dá ìpinnu ńlá ṣe mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó fi ìlú náà fún wọn pátápátá.

Ṣé tìtorí ìyàwó kan ni? Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, irú Robert Smith àti Kristin Mann, fi hàn pé owó, ẹrú, epo àti agbára ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Láìsí obìnrin náà, mánáwá ì bá ṣì wá. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ìlú láti sọ pé obìnrin ni ó fà á. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè iye àwọn ènìyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní etíkun, tàbí iye tí wọ́n pa lórí wọn. Obìnrin náà kò sì lè jiyàn. Nínú ìtàn bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́, kò lórúkọ, kò sọ̀rọ̀ kan. Bóyá ó fẹ́ràn Kòsọ́kọ́ ni, bóyá ó ń sá fún àgbàlagbà ìjòyè, bóyá ọmọ ọba fi agbára mú un ni. Ìtàn kò bi í léèrè. Wọ́n gbé e láti ilé ọkùnrin kan sí ilé ọkùnrin kejì, wọ́n sì gbé ẹ̀bi ogun lé e lórí.

Ọ̀ràn kejì tún wà tí fíìmù òkèèrè kì í sábà dojú kọ: ayé ta ni ó parí? Bí òkúta bá já lu ilẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò kú. Èkó ti ọdún 1851 kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí ó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, tí ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Bahia, iná tí ó ń jó ààfin lè jẹ́ ohun ìdùnnú. Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí yé dáadáa. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú nígbà tí Òṣogùn tú ní ọdún 1821. Èkó ni wọ́n ti tà á fún àwọn Potogí ní ọdún 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni òun àti Asano ti pàdé, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú mìíràn. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1829. Ayé àwọn méjèèjì ti parí kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ní ọdún 1851 kan náà, Samuel Ajayi Crowther wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níwájú Ọbabìnrin Victoria àti Palmerston tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe fíìmù ìfẹ́ lórí òpin ayé, tọkọtaya yìí gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò. Orúkọ obìnrin tiwọn, ó ṣeun, kò sọnù.

Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Awùjalẹ̀ gbà kí ó tẹ̀dó sí Ẹpẹ, ìlú apẹja àti oníṣòwò tí ó wà létí ọ̀sà. Àwọn jagunjagun tọ̀ ọ́ wá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ẹrú. Báyìí ni Ẹpẹ ṣe di méjì: Ìjẹ̀bú-Ẹpẹ tí ó ti wà níbẹ̀, àti Èkó-Ẹpẹ tí ó bá ogun wá. Títí di òní, ọba méjì ni ó wà nínú ìlú náà, Ọlọ́jà Ẹpẹ àti Olú Ẹpẹ. Onílé àti àlejò kì í fìgbà gbogbo rẹ́ nírọ̀rùn, ìlú náà sì ti mọ èyí lára.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa Ẹpẹ ni bí wọ́n ṣe yára bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Kòsọ́kọ́ kò gbàgbé Èkó. Ó gbé ogun lọ síbẹ̀ ní ọdún 1853, kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Kọ́ńsọ́lù Benjamin Campbell ṣe àdéhùn ní Ẹpẹ: yóò fi ìtẹ́ Èkó sílẹ̀, yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọn yóò sì gbà pé èbúté Palma jẹ́ tirẹ̀. Epo pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ jáde. Ọkùnrin tí wọ́n fi àgbá lé kúrò nílùú nítorí òwò ẹrú, bí wọ́n ṣe sọ, wá di oníṣòwò epo tí àwọn tí wọ́n lé e ń bá dòwò pọ̀. Àwọn ọmọ Èkó-Ẹpẹ, tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, ń ṣe ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá ní ọdọọdún láti fi ṣèrántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ dé. Orúkọ ọdún náà kò fara pa mọ́: kí á jẹun, kí á yó.

Ìkòròdú rí tirẹ̀ ní ọdún 1865. Ẹ̀gbá ń bá Ìbàdàn jà lọ́wọ́, Ìkòròdú sì jẹ́ ọ̀nà tí ọjà Ìbàdàn ń gbà dé Èkó. Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà kí ọ̀nà lè dí. John Glover, ẹni tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, kó àwọn ọmọ ogun ìjọba wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, wọ́n tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Wọ́n ti kọlu Ẹpẹ náà ní ọdún 1863, lẹ́yìn tí Kòsọ́kọ́ ti kúrò níbẹ̀ tí Posu kò sì gbà láti tẹrí ba. Agbára kan náà tí ó ti iná bọ Ẹpẹ ni ó wá gba Ìkòròdú sílẹ̀ ní ọdún méjì péré lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ń wá ẹni rere àti ẹni burúkú nínú ìtàn etí ọ̀sà yìí yóò pẹ́ kí ó tó rí wọn.

Àwọn ọmọdé Ìkòròdú òde òní ti fi hàn pé agbára àtiṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2020, àwọn Ikorodu Bois fi bárò àti àwọn nǹkan inú ilé lásán ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction, Netflix sì kó ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Láti ìgbà náà, Jagun Jagun (2023), House of Ga'a àti Lisabi: The Uprising (2024) ti fi ogun ilẹ̀ Yorùbá hàn gbogbo ayé. Nínú Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022, Àrọ̀lákẹ́ jẹ́ ìyàwó ọba tí ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Ó ní orúkọ, ó ní ohùn, ó sì ṣe ìpinnu tirẹ̀, ẹni tí ó bá wù lè dá a lẹ́bi. Ìyàwó Kòsọ́kọ́ kò tíì rí ìwọ̀nba èyí gbà lọ́wọ́ àwọn òpìtàn. Ẹni tí yóò bá fi Àgídìǹgbì ṣe fíìmù ìfẹ́ ní láti mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì: kí ó fi obìnrin náà ṣe òkúta tí ó já lu Èkó, tàbí kí ó jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ ilé ọmọ ọba. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni yóò yá jù, òun ni yóò sì pa owó jù.

Ní ọdún 1862, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Kò jọba mọ́; Ọlọ́jà Ẹrẹkò tí ó ti jẹ́ kí ó tó gba ìtẹ́ ni ó tún padà jẹ́, ó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba títí ó fi kú ní ọdún 1872. Òṣódì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá a padà, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ ní erékùṣù náà, agbo-ilé mọ́kànlélógún. Èkó pe ibẹ̀ ní Ẹpẹtẹ̀dó, ibi tí àwọn ará Ẹpẹ tẹ̀dó sí. Èkó ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Ẹpẹ débi pé nígbà tí wọ́n padà dé ìlú wọn, orúkọ ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà, tí wọ́n gbé ìkòkò wọn sórí tí wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò dá iná sí, àwọn kan wà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó ilé láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́ kò tíì jọba.